Férémù Mevlida

“Nermina, gbé burek yẹn kalẹ̀ ná, kí o wá wo ohun tí a ṣe fún àwọn òkú Tuzla.”

Tihomir, ọ̀gá rẹ̀, kò pariwo. Fóònù kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu rẹ̀, èkejì ń dún lórí tábìlì, kò sì yà sí i. Nermina gbé abọ́ burek gbígbóná, àkàrà ẹlẹ́ran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ilé, kalẹ̀. Ó ti ní in lọ́kàn pé àwọn méjèèjì ni yóò jọ fi dúpẹ́, nítorí pé ìrọ̀lẹ́ àná ni sáìtì ìròyìn ìlú, èyí tó ti ń tún kọ́ láti ìgbà òtútù, kúrò lórí irinṣẹ́ àtijọ́ bọ́ sórí tuntun. Sáìtì náà kò wó, kò sì dákú. Nermina ti sùn bí ẹni tó ru ẹyin dé ọjà tí ọ̀kan kò fọ́.

Ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà ọ̀gá rẹ̀. Ojú ewé ìkéde ikú ló wà níbẹ̀, èyí tí gbogbo ìlú máa ń kọ́kọ́ ṣí láàárọ̀ kí wọ́n tó wò ó bóyá òjò yóò rọ̀. Hadži Ragib, Alhaji tó ń ta kápẹ́ẹ̀tì: férémù dúdú, àgbélébùú lókè. Zumreta, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì: férémù dúdú, àgbélébùú lókè.

“Gbogbo wọn ti di Kátólíìkì lọ́wọ́ wa láàárín òru kan,” Tihomir wí. “Èmi tí wọ́n ṣèrìbọmi fún láti ọmọ ọwọ́ kò mú ẹnì kan wọ ìjọ rí láyé mi. Bíṣọ́ọ̀bù á fi wá joyè.”

Kò rẹ́rìn-ín, Nermina náà kò sì rẹ́rìn-ín.

Ní Tuzla, èèyàn kì í dúró ka orúkọ kó tó mọ irú òkú tí wọ́n ń kéde. Férémù aláwọ̀ ewé pẹ̀lú òṣù àti ìràwọ̀, Mùsùlùmí ni. Férémù dúdú pẹ̀lú àgbélébùú, Kristẹni ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì, búlúù ni tirẹ̀. Bó ṣe wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ṣe ń wà lára igi àti lẹ́nu ọ̀nà ilé, nítorí pé sáìtì yìí kan náà ló ń tẹ ìwé tí ọkùnrin onígọ́ọ̀mù kan máa ń lẹ̀ káàkiri ìlú láti ìdájí. Lẹ́yìn ohun tí ojú ti rí nígbà ogun, kò sẹ́ni tó ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Nermina ń fa ojú ewé náà lọ sísàlẹ̀ títí ó fi kan orúkọ tó ń bẹ̀rù láti rí. Mevlida. Ó ń rẹ́rìn-ín nínú àwòrán tí Nermina fúnra rẹ̀ yà á létí adágún oníyọ̀ ní ìgbà ooru tó kọjá, ìborùn rẹ̀ yọ́ sẹ́yìn díẹ̀. Àgbélébùú dúró sórí rẹ̀ bí ẹni tó ṣìnà wọ ilé onílé.

Mevlida ló ń gbé ní ẹnu ọ̀nà tó kọjú sí tiwọn láti kékeré Nermina. Nígbà tí ìyá Nermina lọ ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Austria, ìdí tábìlì Mevlida ni ọmọ náà ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ló ti ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé. Vlado ọkọ Mevlida, tó jẹ́ oníṣẹ́ iná níbi ìwakùsà èédú, ló gbé kọ̀ǹpútà kan tí ọ́fíìsì wọn ti pa tì wá sílé. Ó tún un ṣe, ó gbé e ka iwájú rẹ̀, ó ní, “Bà á jẹ́ bó o ṣe fẹ́. Bó bá bàjẹ́, màá tún un ṣe.” Tọkọtaya náà kò bímọ. Gbogbo ohun tí Nermina fi ń jẹun lónìí, ìdí tábìlì yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀.

Vlado kì í ṣe Mùsùlùmí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹ̀gbọ́n Mevlida ní Gradačac kò fi wá síbi ìgbéyàwó wọn, tí wọn kò sì tẹ ilẹ̀ ilé náà títí Mevlida fi di arúgbó. Lánàá, nígbà tí Vlado pè wọ́n pé ó ti jáde láyé, gbólóhùn kan ṣoṣo ni Hasib, àgbà wọn, sọ: “À ń bọ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọ ilé wa la ṣe máa sin ín.” Vlado ṣèlérí. Òun àti Nermina ló jọ jókòó kọ ìkéde náà. Nígbà tí wọ́n dé ibi àwọ̀, ó ní kí Nermina ka ohun tó yàn sí òun létí. Ó kà á. Àwọ̀ ewé. Bàbá náà mi orí, ó ní kó tún un kà.

Ní báyìí, àwọn ará Gradačac ti wà lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà ilé tí wọ́n rí àgbélébùú lórí àbúrò wọn, ta ni yóò gbàgbọ́ pé ẹ̀rọ ló ṣe é?

“Ọ̀gá,” ó wí, “èmi ni.”

“Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Àbí ológbò ni yóò ṣe é?”

“Màmá Mevlida wà níbẹ̀.”

Tihomir wo ojú rẹ̀. Fóònù tó wà lórí tábìlì dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀.

“Mevlida ti Vlado? Ìgbà wo ni ìsìnkú?”

“Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́.”

“Jókòó. Má bẹ ẹnikẹ́ni báyìí, ẹ̀bẹ̀ kì í tún fáìlì ṣe. Èmi á máa gbọ́ èébú, ìwọ máa ṣiṣẹ́.” Ó ká àtẹ́lẹwọ́ kúrò lẹ́nu fóònù. “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, mo ti padà dé. Bẹ́ẹ̀ ni. Rárá o, kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ kankan. Èmi tí mo ni ibi iṣẹ́ ni mo ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni, òmùgọ̀ ni mí. Ẹ tún un sọ, ó tọ́ sí mi.”

Ojú ti Nermina fún un, inú rẹ̀ sì dùn sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ó jókòó.

Ẹ̀rọ àdàkọ ló wà nídìí ọ̀rọ̀. Ohun tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń ṣe kò ju ti oníburek ìsàlẹ̀ ilé lọ: abọ́ ti wà nílẹ̀, ohun tí wọ́n bá kó sínú rẹ̀ ni yóò gba ìrísí rẹ̀. Sáìtì á fún un ní orúkọ, àwòrán àti àkókò ìsìnkú, ẹ̀rọ á kó wọn sínú àdàkọ, ojú ewé á jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á síṣẹ́ ní láti sọ ibi tí àwọn abọ́ wà fún un, kó sì tún sọ abọ́ tí yóò mú bí kò bá rí èyí tí wọ́n béèrè.

Ó ṣí fáìlì ètò. Kò pẹ́ tó fi rí i. Lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, fódà méjì ló júwe fún ẹ̀rọ. Nínú fáìlì tó gbé lọ sórí sáìtì ní ìrọ̀lẹ́ àná, ọ̀kan ló wà, èyí tí kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀ ju férémù dúdú lọ. Aláwọ̀ ewé àti búlúù wà ní fódà kejì, ẹ̀rọ kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ìlà kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí Nermina ti kọ nígbà òtútù, tí kò sì tún rántí mọ́: bí o kò bá rí èyí tí wọ́n pè, mú dúdú. Ìkéde tó kọ́kọ́ fi dán iṣẹ́ wò nígbà yẹn ló jẹ́ dúdú. Kò rò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ náà kò sì ṣẹ̀ rárá. Ó pe aláwọ̀ ewé, kò rí i, ó wọ dúdú fún gbogbo wọn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Ó kọ ọ̀nà fódà kejì sí i, ó fi ránṣẹ́, ó tún ojú ewé ṣí. Dúdú.

Ó tún un ṣí. Dúdú ni síbẹ̀. Ó ka fáìlì náà láti òkè délẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ dára, àgbélébùú kò sì kúrò lórí Mevlida.

“Kò gbọ́, ọ̀gá.”

“Bi í léèrè bóyá ó ti jẹun,” Tihomir wí, ó sì padà sínú fóònù. “Rárá o, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá wí.”

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ yẹn ló ràn án lọ́wọ́. Nítorí kí iṣẹ́ lè yá, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ojú ewé kan lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó bá ti ṣe lẹ́ẹ̀kan, á gbé e pamọ́, òun náà ni yóò sì máa bù fún gbogbo ẹni tó bá dé, bí oníburek tó ń ta ti àná. Òun fúnra rẹ̀ ló tan ètò náà. Ó ní kí ẹ̀rọ da gbogbo ohun tó ti kó pamọ́ nù. Ó tún ojú ewé ṣí.

Hadži Ragib di aláwọ̀ ewé. Olùkọ́ Zumreta di aláwọ̀ ewé. Agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ kan tí Nermina kò tilẹ̀ kíyè sí tẹ́lẹ̀ di búlúù. Mevlida ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ òṣù àti ìràwọ̀ bí ẹni tí kò kúrò níbẹ̀ rí.

“Alhamdulilahi,” ó wí lábẹ́lẹ̀.

“Bíṣọ́ọ̀bù ti pàdánù wọn,” Tihomir dá a lóhùn, ó ń nu iwájú orí. “Ó kù ti ara igi. Mo ti pe onígọ́ọ̀mù, inú ń bí i bí àgbò, ṣùgbọ́n ó ń padà lọ.”

“Èmi ni mo fẹ́ lọ lẹ ti Màmá Mevlida.”

Tihomir tẹ àwọn ìwé náà jáde, ó dúró kí yíǹkì gbẹ, ó kó wọn lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú sẹ̀lótéèpù. Ó gé burek kan, ó fi pépà wé e, ó kì í bọ àpò jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

“Ọ̀gá, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́.”

“Jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà. Bó o bá dákú, wọ́n á ní èmi náà ni mo ṣe é.”

Ó sáré lọ sídìí igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ó yọ dúdú kúrò, ó lẹ aláwọ̀ ewé. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì. Ní mọ́sálásí, kò rí ìwé kankan lára pátákó. Bàbá tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ na ọwọ́ gba tuntun.

“Lẹ́mọ́mù ti yọ ti àkọ́kọ́,” ó wí. “Wọ́n ní àwọn ọmọ íńtánẹ́ẹ̀tì ti tún dé.”

“Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, Bàbá.”

“Kí ni màá bẹ̀ wọ́n fún? Wọ́n ń rẹ́rìn-ín ni. Ìwọ yára, ọkọ̀ Gradačac kan ti kọjá níbí láìpẹ́ tó ń béèrè ọ̀nà.”

Nermina sá lọ. Ilé wọn ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ìlú náà, nítorí iyọ̀ tí wọ́n ti fà kúrò lábẹ́ ilẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Láti òkèèrè ló ti rí ọkọ̀ tó ní nọ́ńbà àjèjì níwájú ilé. Wọ́n ti dé. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ń lọ sílé ẹjọ́, ó gbójú sókè wo ìwé tó wà lára ilẹ̀kùn.

Àwọ̀ ewé ni.

Ó súnmọ́ ọn. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan ti fi kálámù oníyíǹkì tí àwọn ọmọdé fi ń kun àwòrán kun férémù dúdú náà yípo, níbi tó nípọn dúdú ṣì ń yọjú, níbi tó tẹ́ẹ́rẹ́ yíǹkì ti ṣàn jáde. Bébà funfun kékeré kan ni wọ́n lẹ̀ bo àgbélébùú, wọ́n sì ya òṣù sórí rẹ̀, òṣù tó gùn jù, tó dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìràwọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan tó pọ̀ jù.

Màmá Ruža, tó ń gbé ní àjà kejì, jókòó sórí àtẹ̀gùn inú ilé, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Ìka ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé títí dé oríkèé.

“Má wò mí bẹ́ẹ̀,” ó wí. “Mo mọ̀ pé òṣù náà kò dára. Ọmọ ọmọ mi ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.”

“Màmá, ẹ̀yin lẹ ṣe é?”

“Mo ń lọ ra mílíìkì láàárọ̀, mo rí i. Mo ní, háà, Mevlida tó jẹ́ pé títí di Ramadaani tó kọjá ló ń gbé oúnjẹ ìṣínu wá fún mi, èmi tí n kò gbààwẹ̀ rí. Ta ló gbé àgbélébùú tiwa kọ́ ọ lórí? Mo fẹ́ ya á dànù, mo ní rárá, àwọn èèyàn á máa wá àkókò ìsìnkú. Mo bá lọ tú báàgì ọmọ yẹn.”

“Èmi ni mo ṣe àṣìṣe náà.”

“Mo rò bẹ́ẹ̀. Ìwọ lo máa ń tẹ nǹkan tẹ nǹkan.” Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí Nermina lè jókòó. “Wọ́n ti gòkè lọ, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èyí àgbà dúró síwájú rẹ̀, ó pẹ́. Ó fọwọ́ kàn án, kò tíì gbẹ, ó ta sí i lọ́wọ́. Ó ní ta ló kùn ún. Mo ní èmi ni. Ó ní, ṣé ara wa ni yín? Mo ní rárá, sàà, ìjọ Pétérù Mímọ́ ni mo wà, àjà kejì, apá òsì.”

“Kí ni wọ́n wá sọ?”

“Ó ní ilẹ̀kùn Vlado ńkọ́.”

Nermina gòkè. Bàtà àwọn àlejò tò sẹ́nu ọ̀nà Vlado, ńláńlá, eruku ọ̀nà jíjìn wà lára wọn. Ó bọ́ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó wọlé. Vlado jókòó sípò rẹ̀ ní ìdí tábìlì, irùngbọ̀n rẹ̀ kò rí abẹ. Ọkùnrin gíga kan tó dé fìlà dúdú jókòó sí àyè Mevlida, kọfí wà níwájú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kàn án. Ojú ọkùnrin náà jọ ti Mevlida débi pé Nermina fẹ́ sá padà.

“Ẹ kú ìrójú, Bàbá,” ó wí. Ó kọjú sí àlejò náà. “Ẹ kú ará fẹ́ra kù, sàà. Ìwé ti ẹnu ọ̀nà yẹn, Bàbá Vlado kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àwọ̀ ewé ni wọ́n ní kí n yàn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n mú mi kà á. Èmi ni mo to ẹ̀rọ náà tí kò tọ́. Mo ti tún un ṣe. Èyí tó dára ló wà lọ́wọ́ mi yìí.”

Ó gbé ìwé náà ka orí tábìlì. Vlado kò wò ó. Nermina ni ó ń wò.

“Kí ni mo sọ fún ẹ lọ́jọ́ tí mo gbé kọ̀ǹpútà yẹn ka ibí yìí?”

“Pé kí n bà á jẹ́ bí mo ṣe fẹ́.”

“Àti pé?”

“Pé bó bá bàjẹ́, ẹ máa tún un ṣe.”

“Hẹn-ẹn. Ruža ló tún un ṣe lọ́tẹ̀ yìí. Jókòó, kí o mu kọfí.”

Hasib gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, ó ń wo àbààwọ́n àwọ̀ ewé tó wà lórí ìka rẹ̀. Omi wà ní ilé ìdáná, omi wà ní ilé ìwẹ̀, kò sì fọ̀ ọ́.

“Ọdún gbogbo yìí,” ó wí jẹ́jẹ́, “èrò mi ni pé àárín àwọn tí kò mọ ẹni tó jẹ́ ló ń gbé.”

Hasib gbé ṣúgà onígun kan, ó rì í bọ kọfí, ó jẹ ẹ́. Vlado náà gbé ife tirẹ̀.

“Bàbá, ṣé kí n lọ pààrọ̀ ti ẹnu ọ̀nà?” Nermina béèrè.

Vlado wo Hasib. Hasib mi orí pé rárá.

“Fi sílẹ̀ níbẹ̀,” Vlado wí. “Mevlida ì bá fi òṣù yẹn rín wa títí Ọdún Iléyá.”

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni àwọn ọkùnrin múra, wọ́n sì gbọ̀nà mọ́sálásí níbi tí òkú wà. Láti ojú fèrèsé ni Nermina ti ń wò wọ́n. Hasib àti Vlado ló wà níwájú; nígbà tí wọ́n dé ibi tí ojú ọ̀nà ti rì, Hasib di apá àna rẹ̀ mú, kò sì tètè jù ú sílẹ̀. Àwọn obìnrin ló kù nílé láti gbàdúrà, kí wọ́n sì gbọ́ oúnjẹ fún àwọn tó ń bọ̀ láti ibojì. Màmá Ruža ti wà nídìí iná, ó ń bá ẹnì kan jà nítorí ìrẹsì.

Nermina ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní ìdí tábìlì Mevlida. Ó wá fáìlì ètò náà rí, ó lọ sí ìlà tó ti kọ nígbà òtútù: bí o kò bá rí èyí tí wọ́n pè, mú dúdú. Ó kọ́kọ́ rò pé kí òun fi búlúù rọ́pò dúdú, búlúù kì í bí ẹnikẹ́ni nínú. Ó tún un rò. Ó pa ìlà náà rẹ́ pátápátá. Dípò rẹ̀, ó ní kí ẹ̀rọ dúró bí kò bá rí férémù tí ìdílé yàn, kó má tẹ ìwé kankan jáde, kó sì pe èèyàn.

Ó kù kó kọ gbólóhùn tí ẹ̀rọ yóò fi pe èèyàn. Èyí tó bá irinṣẹ́ náà wá le bí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá: àṣìṣe, àdàkọ kò sí. Nermina wo àga tí Hasib dìde kúrò lórí rẹ̀, àti àbààwọ́n àwọ̀ ewé kékeré tí ìka rẹ̀ fi sílẹ̀ lára ife. Ó pa ti irinṣẹ́ rẹ́, ó sì kọ ọ́ báyìí: “A kò mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi àwọn ará ilé wọn.”

Ó fi ìkéde kan tí kò ní àwọ̀ dán an wò. Ẹ̀rọ náà dúró, ó sì bẹ̀bẹ̀.

“Nermina!” Màmá Ruža pè é láti ìdí iná. “Ibo ni Mevlida máa ń kó àwọn abọ́ ńlá sí?”

“Lábẹ́ fèrèsé, Màmá, lẹ́yìn ìyẹ̀fun,” ó dáhùn. Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó sì dìde láti lọ bá a kó wọn.